Ìlú Odò Méjì àti Atukọ̀ Tí A Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Ẹ̀yin ará Etídò nílé àti lẹ́yìn odi, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún. Owú ni mo rí. Owú ni mo dì mọ́ ẹrù lọ, òun náà ni mo sì tún dì bọ̀, ó kàn jẹ́ pé èyí tí mo gbé bọ̀ wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má retí ìtàn ilé gogoro lọ́wọ́ mi. Ìlú kékeré kan tó wà létí odò ni mo lọ wò, ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ìwà tí èmi àti ìgbìmọ̀ ìwé ìtàn ìlú wa hù, bí ẹni tó rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí ilé onílé. Ìwà náà kò dára. Mo fẹ́ kí tọmọdé tàgbà gbọ́ ọ.

N kò ní dárúkọ ìlú náà. Àwọn ará ibẹ̀ ṣe mí lóore, ẹjọ́ tí mo sì fẹ́ rò kì í ṣe ẹjọ́ wọn.

Ìbéèrè nínú mọ́tò

Ayọ̀délé ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ọmọ Ilé Atukọ̀ ni, ní ìsàlẹ̀ odò. Ọjọ́ kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ wọ ilé-ìwé, ọdọọdún ló sì ń gba ipò kìíní tí èmi ń gba ipò kejì, títí a fi ṣe àṣejáde. Àwọn ẹgbẹ́ wa sọ mí ní Ipò Kejì. Mo di olùkọ́, mo di ọ̀gá ilé-ìwé, mo fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó tún gbójú pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi òun.

"Ipò Kejì!" Ó pariwo láàárín èrò. "O mà ti darúgbó o!"

"Ìwọ ńkọ́, tí orí rẹ pá bí ìdí igbá?"

"Bíìlì ló fá a. Níbí yìí, bíìlì ni onígbàjámọ̀ wa."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A kò tíì rìn jìnnà tó fi béèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò béèrè láti ìgbà tí mo ti wọ bàálù.

"Ìwé ńkọ́? Ṣé o mú un wá?"

"Ó wà nínú báàgì mi. Ẹ̀dà àyẹ̀wò ìkẹyìn ni. Bí mo bá ti padà délé, wọn á tẹ̀ ẹ́."

"Ilé wa wà nínú ẹ̀?"

"Gbogbo Etídò ló wà nínú ẹ̀," ni mo wí.

Irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí Ilé Atukọ̀. Kí afárá tó wà, kò sí ẹni tó wọ Etídò láti ìhà ìwọ̀ oòrùn tí kì í ṣe inú ọkọ̀ wọn ló bá wọlé: ìyàwó, àlejò, oníṣòwò, òkú tí wọ́n ń gbé bọ̀ wálé. Baba ńlá wọn, Ńdàgí, ará Tápà ni. Baálẹ̀ wa àkọ́kọ́ ló rà á ní ayé ogun nítorí pé ó mọ omi. Òun ló dúró sétí odò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò láyà láti dúró níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ló sì mú kí ọjà wa di ọjà.

Nígbà tí mo gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀, olóyè kan nínú wọn fi ìka kan ti bébà náà padà sí mi. "Ọ̀gá, a kì í sọ èyí. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ gbọ́ pé ńṣe la ra baba wọn ni?"

Gbogbo wa la mọ àṣà náà. Ní Etídò, a kì í nàka sí agbo ilé kan ká sọ pé báyìí ni wọ́n ṣe dé. À ń fẹ́ ọmọ wọn, à ń bá wọn jẹun, à ń fi wọ́n joyè títí dé ìwọ̀n kan, tí ó bá sì kọjá ìwọ̀n yẹn, a ó dákẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè ìdí rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí la pè é. Wọ́n ní bí mo bá yọ ojú ìwé mẹ́rin náà, orúkọ mi nìkan ni yóò wà lẹ́yìn ìwé, ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo yọ ọ́. Gbólóhùn kan ni mo fi rọ́pò rẹ̀: "Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń rékọjá odò nígbà náà."

Níbi tí ẹsẹ̀ kì í gbé rìn

Ilé Ayọ̀délé kò jìnnà sí Upper Marlboro, níbi tí ilé ẹjọ́ àti àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà. Ilé rere ni, koríko iwájú rẹ̀ sì tẹ́jú bí ẹní. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dámilọ́lá, nọ́ọ̀sì ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. "Ẹ káàbọ̀ sà, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni mo ń lọ. Iyán wà nínú kúlà, ẹ jẹ ẹ́ kó tó di òkúta." Dámilọ́lá, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó gbàgbé èkejì, ó sì kí mi ní èdè òyìnbó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àfojúdi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jáde láti na ẹsẹ̀. Ilé ń tẹ̀ lé ilé, n kò rí ọmọ ènìyàn kan tó ń rìn. N kò tíì dé ìkóríta tí mọ́tò kan fi rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin kan yọjú, ó bi mí tàánútàánú bóyá ọkọ̀ mi ló bàjẹ́. Mo ní rárá, mo ń rìn ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ fún un pé mo ń fò. Kí n tó padà délé, ẹlòmíràn tún dúró, ó bi mí ní ìbéèrè kan náà.

"Wọ́n rò pé o sọnù ni," ni Ayọ̀délé wí, tó ń rẹ́rìn-ín. "Níbí, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn, wàhálà ló ní."

Ìlú tí kì í gbàgbé

Lọ́jọ́ Sátidé ó gbé mi lọ sí ìlú odò náà. Kò fẹ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó kàn ń fọn fèrè lẹ́nu bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ sápò. Nígbà tí a dé, ó wọ ẹ̀wù pélébé kan lé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ ìlú náà sí láyà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ọmọ Ilé Atukọ̀, ọmọ Etídò, ló ń mú àlejò káàkiri ìlú onílùú, tí ó ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Wọn kì í sanwó fún un. Wọ́n kàn fọkàn tán an ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: odò náà kò tó nǹkan. Ògùn, odò tiwa, lè gbé mẹ́ta irú rẹ̀ mì kó má gbé omi tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe! Ayọ̀délé dúró níwájú àwọn àlejò, ó ń fọwọ́ júwe. Ó ní nígbà kan ọkọ̀ ojú omi ńláńlá máa ń wọ ibí wá kó tábà. Wọ́n gé igbó, wọ́n ro ilẹ̀ láìsinmi, òjò sì ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ oko sínú odò, títí odò fi di pẹ̀tẹ́pẹ́tẹ́ tí ọkọ̀ kò lè wọlé mọ́. Ìlú náà ìbá kú. Kò kú. Wọ́n fi omi tó kù yí ọlọ ńlá tí ń lọ ọkà. Nígbà tí wọ́n ti ọlọ náà pa, rélùwéè dé. Lẹ́yìn rélùwéè, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní olú-ìlú wá kọ́lé síbẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ kò wọ́n. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọn kì í gbà kí wọ́n ra ilé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá rà á. "Lẹ́yìn wọn," ni Ayọ̀délé wí, ó na ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀, "àwa náà dé." Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Owú gún mi níhà.

Òpó kan wà tí wọ́n fàlà sí, ibi tí àkúnya omi dé láyé ijọ́un. Ní Etídò, àkúnya wọ ilé-ìwé wa lójú ayé mi, n kò sì lè fi ibi tó dé hàn yín lónìí. Lára bẹ́ǹṣì pàápàá, orúkọ òkú ẹni tó máa ń jókòó síbẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó kàn ń jókòó! Ibojì Baálẹ̀ wa kẹta dà? Gáréèjì ni wọ́n kọ́ lé e.

Ibi tó burú jù fún mi ni etí odò gan-an. Wọ́n ri irin pẹlẹbẹ kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ọkùnrin báyìí, òyìnbó kan, ló ń wa ọkọ̀ gbé èrò kọjá níbí, òun àti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Atukọ̀ lásán! Ayọ̀délé fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìrì kúrò lójú irin náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Ibí ni mo fẹ́ràn jù," ló wí. "Bí mo bá dé ibí, mo máa ń rántí ilé wa. Mo fẹ́ ka tiwa náà nínú ìwé rẹ."

Mo wo omi. Mo ní ẹ̀fọn ń jẹ mí, jẹ́ ká máa lọ.

Akàn àti ìwé orí tábìlì

Lẹ́yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré wọn, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì gígùn, wọ́n da akàn gbígbóná lé e, tí ata pupa bò bí erùpẹ̀. Kò sí àwo, kò sí ṣíbí. Òòlù onígi ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Màmá kan tí irun rẹ̀ funfun báláú jókòó tì mí. Màmá Dọ́rà ni wọ́n ń pè é, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó wò mí bí mo ti ń lu akàn náà, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ó ti kú o. Ẹ má tún un pa." Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Ó gba akàn náà, ó já a sí méjì, ó fi ẹran rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ bí ìyá. Ó dùn. Mo rántí akàn odò wa tí a fi sílẹ̀ fún ọmọdé láti máa fi ṣeré, mo sì tún jowú.

Nínú ilé náà, lórí tábìlì kan, ìwé ńlá kan wà ní ṣíṣí. Àṣà wọn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí ìtàn ìlú gbàgbé, tàbí tó rí àṣìṣe nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Mo ti rí àṣìṣe, ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi sì ń dùn! Lára àkọlé tó wà níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ láyé ijọ́un, wọ́n dárúkọ ọlọ́jà tó ni tábà àti ọ̀gá ọkọ̀ tó kó o lọ. Wọn kò dárúkọ ẹnì kankan tó rù ú. Mo gbé kálàmù, mo kọ ọ́ ní èdè òyìnbó tó múná pé: "Ta ló gbin tábà yìí, ta ló rù ú? Ṣé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọkọ̀ ni? Ìlú tó bá pa orúkọ àwọn tó kọ́ ọ rẹ́, ìlú olè ni." Mo fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀.

Màmá Dọ́rà gbé awò sójú, ó kà á dé òpin. Mo rò pé yóò bínú.

"Ó dáa," ló wí. "Àkọlé yẹn ti pẹ́, àwa náà ń bá a jà. Ẹ wá wo èyí."

Ó fa dúróà kan yọ. Ẹ̀dà ìwé ogún ọlọ́là kan tó ti kú ló mú jáde níbẹ̀. Wọ́n to dúkìá rẹ̀ sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: màlúù, ẹṣin, ìkòkò irin, lẹ́yìn ìkòkò irin, ènìyàn. Orúkọ ẹyọ kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ní. Màmá náà gbé ìka lé ọ̀kan. "Hánà. Bí a ti lè mọ̀ ọ́n mọ, ìyá ìyá ìyá mi nìyí. Nígbà tí mo rí i, àwọn kan nínú ẹbí ní kí n má gbé e síta, pé ìtìjú ni. Mo bi wọ́n pé, ìtìjú ta ni?"

Òógùn bò mí nínú ilé tí ẹ̀rọ ti mú kó tutù.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ayọ̀délé wọlé pẹ̀lú báàgì mi. Ó pàtẹ́wọ́, ó pe àwọn tó kù wọlé. Ó ní ọ̀rẹ́ òun, ọ̀gá ilé-ìwé, ti kọ ìtàn ìlú òun, ìlú odò bíi tiwọn, òun yóò sì ka ibi tó kan odò fún wọn. Ó ṣí i. Ó kà á ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ọmọ tó gba ipò kìíní: "Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń rékọjá odò nígbà náà." Ó túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Afárá ni ó bá níbẹ̀, àti ìjòyè ìjọba tó gé tẹ́ẹ́pù. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún lọ síwájú. Ó lá ìka, ó ya ojú ìwé méjì tó rò pé ó lẹ̀ mọ́ra. Wọn kò lẹ̀ mọ́ra.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ náà?" Màmá Dọ́rà béèrè.

Ayọ̀délé wò mí. "Ẹni tó kọ ọ́ ló dúró yìí. Ẹ bi í."

Èmi tí mo ti bá àpéjọ ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀ láràárọ̀ láìwo bébà, ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju, "A máa fi kún un." Wọ́n padà sídìí akàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn láti ẹnu ọ̀nà, Ayọ̀délé ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì ìwé ńlá náà. Mo rò pé ó ń palẹ̀ mọ́ ni.

Nínú mọ́tò, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Bowie, ìlú kan lójú ọ̀nà ilé, kó tó lanu.

"Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni? Bàbá mi sọ fún mi kó tó kú. Ńdàgí. Mo mọ̀ pé wọ́n rà á."

"Ìgbìmọ̀ ló ní kí n yọ ọ́. Wọn kò fẹ́ kí ojú tì yín."

"Ojú ta ló ń tì, Ipò Kejì? Ṣé o bi wá?"

"N kò bi yín."

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ìwọ lo yọ ọ́?"

"Èmi ni mo yọ ọ́."

Títí mo fi padà sílé, ó ń tọ́jú mi bí ọba: ó ra oògùn ẹsẹ̀ tó ń ro mí, ó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi mí han àlùfáà. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní Ipò Kejì mọ́. Ọ̀gá ló ń pè mí. Ẹ kò lè mọ bí orúkọ ọ̀wọ̀ yẹn ti korò tó.

Nísàlẹ̀ odò

Nígbà tí mo délé, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, pé kí wọ́n dá ojú ìwé mẹ́rin náà padà. Olóyè yẹn ní, "Ṣé Amẹ́ríkà ló kọ́ yín lọ́rọ̀kọ́rọ̀ yìí?" Mo ní ká lọ bi Ilé Atukọ̀ fúnra wọn. Ó ní a kì í bi wọ́n. Mo lọ.

Ìyá Àgbà ilé náà ń gba oòrùn lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, mo ń wá ọ̀rọ̀ tútù tí mo fi lè bo ọ̀rọ̀ gbígbóná. Ó jẹ́ kí n ṣe wàhálà títí.

"O ti parí?" ló wí. "Ọmọ tí a bí nílé yìí, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ la ti ń ki Ńdàgí fún un. Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn àgbà ní, ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Mú bírò rẹ jáde." Ó pe orúkọ ìran wọn fún mi láti orí Ńdàgí títí dé orí Ayọ̀délé, ó sì ní kí n kà á padà fún òun kí n má tún lọ fò ẹnì kan.

Ìgbìmọ̀ kọ̀. Wọ́n tẹ ìwé náà láìsí ojú ìwé mẹ́rin yẹn. Mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n gbà kíákíá. Bí ẹ bá ra ìwé tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Mo sì ń sọ ọ́ síta gbangba: kì í ṣe ọ̀wọ̀ la bù fún Ilé Atukọ̀, ilẹ̀kùn la tì mọ́ wọn.

Mo pe Ayọ̀délé lórí fóònù, mo ka ojú ìwé mẹ́rin náà fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, "Dúró," ó sì fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ìwé ńlá orí tábìlì ni, ìwé ìlú wọn. Ìbínú tí mo kọ síbẹ̀ wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ Sátidé yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo ti ń jowú rẹ̀ láti kékeré: "Ńdàgí, ará Tápà, atukọ̀ Etídò, lórí odò Ògùn. Ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ síbí, nítorí wọn kò kọ ọ́ sílé."

Lábẹ́ àwòrán náà ó kọ̀wé sí mi pé: "O tún gba ipò rẹ. O ṣeun, Ipò Kejì."

Ìlú tí Ńdàgí kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí, létí odò tí kò tó ìdámẹ́ta Ògùn, ló kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Mo jowú wọn. N ó máa jowú wọn títí n ó fi kú. Ipò kejì ló kù fún Etídò. Ẹ jẹ́ kó gbà á níbí yìí, lọ́wọ́ mi:

Ńdàgí, ará Tápà, ni atukọ̀ àkọ́kọ́ ní Etídò. Ńṣe la rà á. Òun ló gbé gbogbo wa kọjá.